Boulevardier

Boulevardier jẹ́ ọtí àdàlù tí wọ́n ń fi bourbon (wisikí Amẹ́ríkà), Campari (ọtí pupa kíkorò ti Ítálì) àti vermouth pupa (wáìnì tí wọ́n fi ewé àti egbò sí) ṣe. Ó korò, ó sì dùn. Campari ló ni ìkorò, òun àti vermouth ló ni adùn, bourbon ló sì so méjèèjì pọ̀. Ó jọ Negroni, ọtí àdàlù mìíràn, gan-an, àmọ́ jíìnì ló wà nínú ìyẹn dípò bourbon.

Párísì ló ti wá. Erskine Gwynne, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń gbé níbẹ̀, ló ń tẹ ìwé ìròyìn olóṣooṣù tó ń jẹ́ Boulevardier. Harry MacElhone, tó ni Harry's New York Bar nílùú náà, kọ ọtí yìí sínú ìwé tó gbé jáde ní 1927, ó sì dárúkọ Gwynne mọ́ ọn. Ọgbọọgba ni ìwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nígbà náà. Ti òde òní dára ju ìyẹn lọ: bourbon 45 ml, Campari 30 ml, vermouth 30 ml. Àgbàdo ló kó ó kéré tán ìpín 51 nínú 100 ọkà tí wọ́n fi ń ṣe bourbon, inú àgbá igi óákù tuntun tí wọ́n fi iná sun nínú ni wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ sí. Adùn rẹ̀ rọra ń wá ni, Campari sì lè tètè bò ó mọ́lẹ̀.

Ṣíbí ìjẹun kì í dọ́gba láti ilé dé ilé. Ife kékeré tó ní àmì, irú èyí tó máa ń bá oògùn olómi ọmọdé wá, ló dára láti fi wọ̀n ọ́n. Da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ife ńlá, kó yìnyín kún un, kí o fi ṣíbí rò ó fún ìṣẹ́jú àáyá 25 sí 30, kí o wá sẹ́ ẹ sínú gíláàsì tó ti tutù. Má ṣe mì í: mímì ń kó afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á ṣú, yìnyín tó fọ́ á sì bu omi lé e jù. Yìnyín tó ti ń yọ́ kó tó dénú ife náà ń bà á jẹ́ bákan náà. Tí o bá sì tètè dá ríròó dúró, ọtí á le, á sì máa ta ọ̀fun.

Vermouth ló sábà máa ń fa àṣìṣe tí ènìyàn kì í fura sí. Wáìnì ni, bí wọ́n tilẹ̀ fi ọtí líle kún un, kì í sì í pẹ́ bàjẹ́ tí wọ́n bá ti ṣí i. Inú fíríìjì ni kó wà, kí o sì lò ó tán láàárín oṣù kan. Tí òórùn rẹ̀ bá ti ń kan, má lò ó.

Bó èèpo ọsàn pẹlẹbẹ, fún un sórí gíláàsì kí òróró rẹ̀ ta sí i, kí o sì jù ú sínú rẹ̀. Funfun abẹ́ èèpo náà korò. Má jẹ̀ẹ́ kó pọ̀.

Fún àlejò márùn-ún, da bourbon 225 ml, Campari 150 ml, vermouth 150 ml àti omi tútù 125 ml sínú ìgò 75 cl kan. Omi yìí ló dípò èyí tí yìnyín ìbá yọ́ sí i, nítorí náà má tún fi yìnyín rò ó. Gbé e sí fíríìjì fún wákàtí mẹ́rin ó kéré tán, kí o sì bó èèpo ọsàn nígbà tí o bá fẹ́ bù ú.