Bí Wọ́n Ṣe Ń Fọ Oògùn Opioid Kúrò Lára Ẹni Tó Ti Di Bárakú Fún

Ẹni tí codeine, tramadol, morphine tàbí heroin ti di bárakú fún kò lè ṣàdédé pa á tì kí ara rẹ̀ sì dákẹ́. Inú ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn oògùn yìí, tí wọ́n ń pè ní opioid, ní ibi ìjókòó tiwọn lára sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Bí wọ́n bá ń jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n á máa mú ọpọlọ rọlẹ̀, òun náà á sì máa tiraka sókè kó má bàa rọ̀ jù. Ọjọ́ tí ìjókòó yẹn bá ṣófo, ìtiraka yẹn nìkan ló kù, ara á sì dàrú.

Ìdàrú ara ti heroin sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 8 sí 24 lẹ́yìn ìlò ìkẹyìn. Onítọ̀hún á máa yán léraléra, bẹ́ẹ̀ oorun ò ní gbé e lọ. Ikun á máa ṣàn nímú, omi á máa dà lójú, ọmọ ojú á fẹ̀, awọ ara á sú bíi ti adìyẹ tí wọ́n tu ìyẹ́ rẹ̀. Inú rírun, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e. Ó lè gba ọjọ́ 4 sí 10. Ìyà náà pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ ń sáré padà sídìí oògùn kó tó parí, kì í sì í ṣe ìwà ọ̀lẹ rárá.

Ọ̀kan lára oògùn tí wọ́n fi ń mú ìyà yìí rọlẹ̀ ni methadone, opioid sì ni òun fúnra rẹ̀. Orí ìjókòó kan náà ló ń jókòó lé, àmọ́ ó ń pẹ́ níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ sì máa ń tó. Miligíráàmù 10 sí 30 ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ tí ara bá ti rọlẹ̀. Ewu rẹ̀ ni pé ti àná ṣì wà lára nígbà tí tòní ń wọlé. Bó bá gorí ara wọn jù, ó lè dá mímí dúró, ó sì lè da lílù ọkàn rú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé iwájú òṣìṣẹ́ ìlera ni wọ́n ti sábà ń lò ó.

Ti buprenorphine, opioid mìíràn tí wọ́n fi ń tọ́jú wọn, tún gba ọgbọ́n. Ó ń di ìjókòó yẹn mú ṣinṣin, àmọ́ agbára rẹ̀ kò kún, nítorí náà kò tètè dá mímí dúró bíi methadone. Àṣìṣe tó burú níbẹ̀ ni kí wọ́n fún un kí àsìkò tó tó. Bí heroin bá ṣì wà lórí ìjókòó, á tì í dànù lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ìyà ọjọ́ mélòó kan á sì dé láàárín wákàtí kan. Torí náà ni nọ́ọ̀sì ṣe ń fi máàkì wọn àmì 11: lílù ọkàn, òógùn, yíyán, ọmọ ojú àti àwọn tó kù. Ìgbà tí àròpọ̀ rẹ̀ bá fi hàn pé ìyà ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni wọ́n tó fi í sábẹ́ ahọ́n.

Clonidine àti lofexidine kì í ṣe opioid. Òógùn, àyà tó ń lù kìkì àti àìbalẹ̀ ara ni wọ́n ń mú rọlẹ̀; ìfẹ́ oògùn àti àìróorunsùn ṣì lè kù. Wọ́n máa ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, òòyì sì lè gbé èèyàn ṣubú. Wọ́n wúlò níbi tí kò bá sí àwọn méjì àkọ́kọ́.

Ọ̀nà kan tún wà tí wọ́n ti ń kun èèyàn lóorun, tí wọ́n á wá fi naltrexone, oògùn tó ń dí ìjókòó yẹn mọ́ opioid, lé opioid jáde lẹ́ẹ̀kan. Ó dùn létí. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2005, tí ènìyàn 106 kópa nínú rẹ̀, fi hàn pé ìyà tí àwọn tí wọ́n kùn lóorun jí bá kò dín sí ti àwọn tí wọ́n fún ní buprenorphine tàbí clonidine, ewu tó lè gbẹ̀mí sì bá ẹni mẹ́ta nínú àwọn tí wọ́n kùn lóorun náà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sanwó fún un.

Àmọ́ ibi tí ikú ti pọ̀ jù ni ẹ̀yìn tí ara bá ti mọ́. Ìwọ̀n tí ara ń gbà tẹ́lẹ̀ ti di èyí tó lè pa onítọ̀hún. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ dókítà fi ń fẹ́ kí methadone tàbí buprenorphine máa bá a lọ fún oṣù tàbí ọdún, pàápàá fún aláboyún, tí wọn kì í gbà níyànjú pé kó dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹni tó bá yan naltrexone gbọ́dọ̀ ti kúrò lórí opioid fún ọjọ́ 7 sí 10 kó tó bẹ̀rẹ̀. Kí naloxone, tó ń lé opioid kúrò lórí ìjókòó rẹ̀ bí mímí bá dáwọ́ dúró, sì wà nílé, kí ẹni tó ń bá a gbé mọ bí wọ́n ṣe ń fín in sí imú.