Bí Wọ́n Ṣe Ń Tún Fèrèsé Onígun Mẹ́ta Ọkọ̀ Àtijọ́ Ṣe Nílé

Fèrèsé kékeré onígun mẹ́ta tó máa ń wà níwájú gíláàsì ńlá lára ilẹ̀kùn ọkọ̀ àtijọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ọdún 1933 ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ General Motors bẹ̀rẹ̀ sí í fi sára ọkọ̀ wọn, kí ẹ̀rọ amúlétutù tó wọ́pọ̀ nínú ọkọ̀. Tí ọkọ̀ bá ń sáré tí fèrèsé náà sì ṣí díẹ̀, atẹ́gùn tó ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá á máa fa afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ síta. Tí wọ́n bá yí i débi tí etí rẹ̀ fi kọjú síwájú, á máa da atẹ́gùn lu awakọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n rí ọ̀nà míì tí afẹ́fẹ́ lè gbà wọlé, wọ́n sì ń yọ ọ́ kúrò: Chevrolet Camaro ti 1967 ní in, ti 1968 kò ní in mọ́.

Rọ́bà ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Á gbẹ, á sán, òjò á máa jò wọlé, atẹ́gùn á sì máa súfèé sétí awakọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ra rọ́bà nìkan. Ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ tí fèrèsé náà ń yí lé lórí bá ti jẹ, kò sí ohun tí rọ́bà tuntun lè ṣe sí i. Ẹni tó bá ti tú ilẹ̀kùn, kó kúkú ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Wọ́n á yọ ọwọ́ àti pánẹ́ẹ̀lì ilẹ̀kùn, wọ́n á yí gíláàsì ńlá sílẹ̀ pátápátá, wọ́n á sì tú àwọn bóòtù tó di férémù mú. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, fèrèsé náà àti ọ̀pá tó pààlà láàárín òun àti gíláàsì ńlá jọ máa ń jáde ni. Wọ́n á dà á sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n á sì fà á sókè jẹ́jẹ́.

Ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ la gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ wò. Irin róbótó kan ni, tí sípírìngì, wásà àti nọ́ọ̀tì wà lára rẹ̀. Sípírìngì yìí ni kì í jẹ́ kí atẹ́gùn ti fèrèsé pa nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré. Kí wọ́n tó tú nọ́ọ̀tì, kí wọ́n wọn bí sípírìngì ṣe ga tó, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lókè, ríbẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irin kékeré tí wọ́n kàn pa, ló sábà máa ń di ìdè tí fèrèsé fi ń yí mú. Orí ríbẹ́ẹ̀tì nìkan ni díríìlì gbọ́dọ̀ jẹ, kó má fọwọ́ kan ìdè.

Yíyọ gíláàsì kúrò nínú férémù rẹ̀ ló máa ń dán sùúrù èèyàn wò. Kí wọ́n sàmì sí ibi tí gíláàsì wọlé dé, kí wọ́n fi epo tó ń tú ìpẹtà rin etí rẹ̀ mọ́jú, kí wọ́n sì wọ ìbọ̀wọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ki sukudíráífà bọ̀ ọ́ láti fi gbé e, torí etí ni gíláàsì ti tètè máa ń ṣẹ́ jù. Èyí tí wọ́n fi iná mú le, tí etí rẹ̀ bá ṣẹ́ díẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló máa fọ́ wẹ́wẹ́, kò sì ṣeé gé. Èyí tó jẹ́ gíláàsì méjì tí ike wà láàárín wọn ṣeé gé, àmọ́ tí etí rẹ̀ bá ti funfun bíi wàrà, omi ti wọ inú rẹ̀, àfi kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Tí férémù bá jẹ́ irin, kí wọ́n fi sáńpépà ha ìpẹtà inú rẹ̀, kí wọ́n sì kùn ún. Kí wọ́n gbé èyí tí kúróòmù rẹ̀, ìyẹn irin dídán tí wọ́n fi bò ó, ti bó lọ fún àwọn tó mọṣẹ́ náà. Kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe é lè fa àrùn jẹjẹrẹ.

Tí wọ́n bá fẹ́ dá gíláàsì padà, wọ́n á fi rọ́bà pẹlẹbẹ tuntun ká a létí, wọ́n á fi omi ọṣẹ pa á, wọ́n á sì máa tì í wọlé díẹ̀díẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì, títí tó fi máa dé ojú àmì. Abẹ ni wọ́n á fi gé rọ́bà tó bá yọ síta.

Rọ́bà ńlá tí kì í jẹ́ kí òjò wọlé ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kí fèrèsé tó tẹ̀ lé e, torí tó bá yá, àyè kò ní sí mọ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi bóòtù kékeré di ìdè òkè, kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ sínú ilẹ̀kùn, kí wọ́n sì tì í wò. Ìgbà tó bá bá ara mu ni kí wọ́n tó kan ríbẹ́ẹ̀tì. Sílíkọ́nù tó ń mú nǹkan yọ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń lẹ nǹkan, ni kí wọ́n fi pa rọ́bà, kì í ṣe gíríìsì, torí epo máa ń mú rọ́bà wú. Rọ́bà tuntun máa ń le. Tí ọwọ́ fèrèsé kò bá tíì yí dáadáa, kí wọ́n má fipá yí i, kí pínnì rẹ̀ má bàa kán. Tí fèrèsé bá wà ní títì fún ọjọ́ mélòó kan, rọ́bà á rọ̀.

Wọ́n á wá mú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ le dé ibi tí ọwọ́ fi lè yí fèrèsé, tí atẹ́gùn kò sì lè yí i. Láti mọ̀ bóyá ó ń jò, ìsàlẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sí i lọ sókè, kí wọ́n lè mọ ibi tó ń gbà wọlé gan-an. Omi díẹ̀ tó bá bọ́ sínú ilẹ̀kùn kì í ṣe àṣìṣe, ihò tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn ló ń gbà jáde. Kí wọ́n kàn rí i pé ìdọ̀tí kò dí i kí wọ́n tó dá pánẹ́ẹ̀lì padà.