Bí Òróró Ewé Ṣe Di Oògùn Apakòkòrò

Igi kò lẹ́sẹ̀ tí yóò fi sá fún kòkòrò. Òórùn ni ó fi ń jà. Àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ ti kíyè sí i pé ọkà tí wọ́n to ewé olóòórùn mọ́ kì í tètè jẹ, wọ́n sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀ láìbi ìdí.

Ìgbà tí wọ́n mọ bí a ṣe ń yọ òróró inú ewé, lọ́fínńdà àti ìwòsàn ni wọ́n fi ń ṣe. (Láti ara orúkọ ewéko lavender ni a ti rí “lọ́fínńdà” gan-an.) Wọ́n á kó ewé sínú ìkòkò, ooru omi á gba àárín rẹ̀ kọjá bọ́ sínú ọ̀pá tútù, á sì padà di omi. Òróró á léfòó, wọ́n á rọra ré e. Ti kànáfùrù ló máa ń yájú: ìsàlẹ̀ ni ó ń rì sí.

Àléébù òróró yìí lóko ni pé kì í pẹ́ tí afẹ́fẹ́ fi ń gbé e lọ. Nígbà tí onímọ̀ kẹ́míkà kan, Paul Müller, sì rí i ní Switzerland lọ́dún 1939 pé kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní DDT ń pa kòkòrò, tó sì ń pẹ́ lára ohun tí a bá fín in sí, ta ni yóò tún máa wo ẹ̀yìn ewé? Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1948.

Pípẹ́ tí wọ́n ń yìn yẹn ló padà di ẹ̀sùn. DDT kò kúrò nínú ilẹ̀, ó ń kó jọ sínú ọ̀rá ẹran àti ẹyẹ. Òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, Rachel Carson, fi ìwé pariwo rẹ̀ ní 1962, Amẹ́ríkà sì fòfin dè é lóko ní 1972. Òróró tí kì í pẹ́ wá di àwárí. Ní 1996, EPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ní kí oògùn tí wọ́n fi òróró kànáfùrù, rosemary, ewé tíì àti irú wọn ṣe máa lọ láìforúkọ sílẹ̀, bí gbogbo èròjà rẹ̀ bá ti wà nínú àkọsílẹ̀ wọn.

Kán òróró kànáfùrù sórí bébà, gbé e sínú ìgò tí kòkòrò ẹ̀wà wà, kí o dé e pa. Bébà kò kan kòkòrò, síbẹ̀ wọ́n á máa ta gìrìgìrì, wọ́n á dojú sókè, ẹsẹ̀ wọn á máa gbọ̀n. Ní 2001, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Essam Enan, ṣàlàyé pé irú òróró bẹ́ẹ̀ ń da octopamine láàmú, èròjà inú ara tí kòkòrò ń lò níbi tí ara wa ti ń lo adrenaline. Kì í ṣe pé kò léwu rárá o: bó bá pọ̀ jù, ó ń jó ewé ọ̀gbìn, ó sì lè pa kòkòrò oyin.

Iṣẹ́ tó gba àwọn onímọ̀ lọ́kàn báyìí ni bí wọ́n ṣe máa fi èèpo tín-ń-tín bo òróró náà, kí ó lè pẹ́ díẹ̀ sí i lára ewé. Díẹ̀ ni o, kì í ṣe bíi ti DDT.