Páropáro kì í ṣe ahoro

Àwọn kan gbà pé "páropáro" àti "lọ́lọ́" tí à ń fi tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe kàn ń bu ẹwà kún ọ̀rọ̀ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìparí gbólóhùn gan-an ló pọn ìtumọ̀ sẹ́yìn.

"Ilé pa lọ́lọ́": etí ló ń jẹ́rìí sí i. Èèyàn mẹ́wàá lè sùn sínú ilé náà. Ti ojú ni "ìgboro dá páropáro". Ẹsẹ̀ ti dá níbi tó yẹ kí èrò ti máa wọ́ tìrítìrí. Ó jọ "dá" inú "òjò dá": ohun tó ń lọ lọ́wọ́ ló dúró. Ìyẹn ló fi bá ọjà mu ju àárín igbó lọ, torí ta ló ń retí èrò nínú igbó?

Nígbà tí òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó lálẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, ọdún 2020, títì dá páropáro, bẹ́ẹ̀ inú ilé kún fọ́fọ́. Èkó kò di ahoro lọ́jọ́ náà.

Ọ̀yọ́-Ilé ló di ahoro, nígbà tí ogun lé àwọn ará ibẹ̀ kúrò láàárín ọdún 1830 sí 1840. Inú ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ ló wà lónìí. Ẹyẹ ń ké níbẹ̀, ọ̀bọ ń fò, nítorí náà kò pa lọ́lọ́. Ahoro ni síbẹ̀.

Ẹ wo ìkòkò méjì tó ṣófo. Ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ amọ̀kòkò dé, kò tíì fojú kan iná. Ìdí èkejì ti dúdú, ọbẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn létí, ẹni tó ń fi í sebẹ̀ kò sì sí mọ́. Aginjù ni ti àkọ́kọ́, ahoro ni èkejì, òun nìkan ló sì lè ba ni nínú jẹ́. Páropáro ni ìkòkò kẹta: wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ìdí rẹ̀ ṣì gbóná, gbogbo ilé ti gba òde lọ.

Ìdí nìyí tó fi ń dunni bí àwọn olùtumọ̀ ṣe ń pe aṣálẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbé rí ní ahoro. Wọ́n fi ìtàn sí ibi tí kò ní ìtàn. Ọ̀rọ̀ yìí kì í gbàgbé nǹkan. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ahoro Dada ṣì ń jẹ́ Ahoro Dada, àwọn èèyàn sì ń gbé ibẹ̀, wọ́n ń dáná, wọ́n ń dáko.