Ìgbín jẹ olú, kò kú: ṣé ìyẹn ni pé kí èèyàn náà jẹ ẹ́?

Tójò bá ti ń rọ̀ báyìí, fọ́tò olú ló máa ń kún orí WhatsApp wa n'Ífẹ̀ níbí. Ẹni tó lọ sóko kòkó lọ́nà Òṣú á yà á, ẹni tó rí i lórí koríko l'OAU á yà á, wọ́n á wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "ẹ wò ó, ìgbín ti jẹ ẹ́, kò lè ní májèlé." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, ẹ jọ̀ọ́.

Pé olú olóró wà, kò sẹ́ni tí ò mọ̀. Ohun tí ò yé ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé inú ìgbín yàtọ̀ sí inú wa. Ṣebí ẹyẹ ń ṣa ata jẹ tí kì í ta á lẹ́nu? Olú kan wà tí wọ́n ń pè ní death cap, ó pọ̀ ní Yúróòpù, ìgbín tí ò ní ìkarahun ń jẹ ẹ́, ìdin eṣinṣin Drosophila kan ń gbé inú irú olú bẹ́ẹ̀ dàgbà, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Àmọ́ ẹyọ kan ṣoṣo ẹ̀ lè pa àgbàlagbà. Èèyàn ìbáà sè é títí, kó sá a gbẹ, májèlé yẹn ò ní kúrò.

Àwọn fọ́tò náà gan-an, orí olú nìkan ni wọ́n máa ń yà! Ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀ ká rí abẹ́ ẹ̀, ẹ má já a, ẹ fi ọ̀bẹ wa ìdí ẹ̀ jáde. Èyí tó bá jẹ́ ti ilé ikán, ìdí ẹ̀ á gùn bíi gbòǹgbò wọlẹ̀ lọ bá ilé ikán nísàlẹ̀. Olú tó ń hù lára ọ̀pẹ tó ti ń jẹrà, Volvariella, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń jẹ, ó ní àpò nídìí, bẹ́ẹ̀ death cap náà ní àpò nídìí, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti ń burú. Ní Canberra l'Ọsirélíà, èèyàn méjì kú ní ìbẹ̀rẹ̀ 2012 torí pé wọ́n jẹ death cap. Lẹ́búlẹ́bú abẹ́ olú méjèèjì ló yàtọ̀: ti Volvariella ní àwọ̀ píǹkì, ti death cap funfun. Ẹ gé orí olú náà kúrò lára ẹsẹ̀ ẹ̀, ẹ gbé e lé bébà tí apá kan funfun tí apá kejì dúdú, torí lẹ́búlẹ́bú funfun ò ní hàn lórí bébà funfun, kẹ́ ẹ wá fi abọ́ dé e mọ́jú, lẹ́búlẹ́bú náà á ti dà sórí bébà. Èyí tó ń hù lórí koríko, tí abẹ́ ẹ̀ funfun nígbà tó ṣì kéré, tí lẹ́búlẹ́bú ẹ̀ wá ní àwọ̀ ewé, Chlorophyllum nìyẹn, ó wà ní Nàìjíríà níbí, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ló ń fà.

Ó ṣeé ṣe kí èyí tẹ́ ẹ yà dáa o, mi ò sọ pé kò dáa. Àmọ́ pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ náà, mi ò lè tinú fọ́tò sọ fẹ́nì kan pé kó jẹ ẹ́. Àwọn ìyá tó ń ṣa olú tà mọ ibi tó ń hù àti ìgbà tó ń hù, wọn ò wo ẹnu ìgbín.

Ẹni tó bá ti jẹ èyí tí ò dá lójú, ẹ má rò pé ó ti bọ́ torí pé wákàtí mẹ́fà kọjá tí nǹkan kan ò ṣe é. Ti death cap sábà máa ń pẹ́ tó wákàtí 6 sí 12 kí èébì tó bẹ̀rẹ̀, á tún wá dà bíi pé ara ti yá, nígbà yẹn ló ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ lọ. Ẹ gbé e lọ sọ́síbítù kíá, kẹ́ ẹ di olú tó kù sínú bébà dání, kì í ṣe náílọ̀n, torí ó máa ń jẹrà nínú náílọ̀n.