Procureur: Agbẹjọ́rò Ọba tó Di Agbẹjọ́rò Ìlú ní Guernsey

Bí o bá dé Guernsey, erékùṣù kékeré tó wà nítòsí etíkun Faransé, tí o ní Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba lo fẹ́ rí, ilé Procureur ni wọn yóò júwe fún ọ. Ọ̀rọ̀ Faransé ni, ẹni tó ń ṣojú ẹlòmíràn ló túmọ̀ sí. Ta ló wá ń ṣojú? Ọba ni.

Lọ́dún 1204, Normandy bọ́ lọ́wọ́ Ọba John, ọba Faransé gbà á. Guernsey àti àwọn erékùṣù tó wà nítòsí rẹ̀ kò bá a lọ. Abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wà, àmọ́ òfin Normandy tí wọ́n bá nílẹ̀ ni wọ́n ṣì ń lò. Ọba wà lókè òkun. Ilẹ̀ rẹ̀, owó ìtanràn rẹ̀ àti ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà lọ́hùn-ún. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò máa bá a rojọ́ nílé ẹjọ́, bí procureur ọba ṣe ń ṣe ní Faransé. Bí ipò náà ṣe ṣẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe adájọ́ o; iwájú adájọ́ ló ń dúró sí.

Èèyàn inú Guernsey lé díẹ̀ ní 60,000 lónìí. Ibi tó kéré báyẹn, ẹnì kan ló ń ru ẹrù mẹ́ta. Agbẹjọ́rò ọba yìí kan náà ni ìjọba ìlú ń bi léèrè òfin, òun ló tún ń pe ọ̀daràn lẹ́jọ́. Ó ń jókòó nílé aṣòfin, ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í dìbò.

Ọdún 1940 ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì ń bọ̀ wá gba Guernsey, Procureur ìgbà náà, Ambrose Sherwill, ni wọ́n fi ṣe olórí ìgbìmọ̀ tí yóò máa darí erékùṣù náà. Láìpẹ́, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rán ọmọ ogun méjì, ọmọ Guernsey, wá ṣe amí. Wọn ò rí ọkọ̀ padà, inú ilé àwọn ará wọn ni wọ́n sá pamọ́ sí. Amòfin ni Sherwill: ó mọ̀ pé bí àwọn Jámánì bá mú wọn pẹ̀lú aṣọ ilé lọ́rùn, wọ́n lè kà wọ́n sí amí, kí wọ́n yìnbọn pa wọ́n. Ó wá aṣọ ológun fún wọn kí wọ́n tó jọ̀wọ́ ara wọn. Wọn ò pa wọ́n, ṣùgbọ́n Sherwill fúnra rẹ̀ wọ ẹ̀wọ̀n Cherche-Midi ní Paris.

Lẹ́yìn ogun, lọ́dún 1946, wọ́n fi jẹ Bailiff, olórí ilé ẹjọ́ erékùṣù náà.