Kì í ṣe ẹni tí wọn ò mú ni quarterback ń wá

Gbogbo Sátidé láti ìparí oṣù August, tí bọ́ọ̀lù àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù, tí ẹni tó ń jù ú ń jẹ́ quarterback, bá ti bẹ̀rẹ̀, ariwo kan náà lẹ máa gbọ́ nílé ẹni tí wọ́n bá ti ń wò ó: "Ẹ wo bọ̀bọ́ yẹn lápá ọ̀tún, kò sẹ́ni tó mú un! Ṣé quarterback yìí fọ́jú ni?" Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Houston àti Maryland náà ò gbẹ́yìn o, ẹni tó jẹ́ pé Super Eagles nìkan ló ń wò tẹ́lẹ̀ ti di kóòṣì báyìí. Ohun tó wà lọ́kàn wọn ni pé quarterback á gba bọ́ọ̀lù, á sún sẹ́yìn, á wo pápá látọ̀tún dósì, á wá ẹni tí wọn ò mú, á wá jù ú sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Tó bá jẹ́ bó ṣe ń ṣe é nìyẹn, wọ́n á ti gbé e lulẹ̀ kó tó wo ìdajì pápá tán.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ ná. Pápá yẹn fẹ̀ tó yáàdì 53 àti díẹ̀, èèyàn márùn-ún ló lè sáré lọ gba bọ́ọ̀lù, èèyàn mẹ́fà, méje, nígbà míì mẹ́jọ ló ń ṣọ́ wọn, àwọn géńdé tó ga jù ú lọ wà níwájú ẹ̀ tí wọ́n ń ti ara wọn, bọ́ọ̀lù sì gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ láàárín nǹkan bíi sẹ́kọ́ńdì méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta. Ta ló máa fi ìyẹn wo èèyàn márùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan? Ojú ẹ̀ ò sí lára àwọn tiẹ̀ jàre, ara àwọn ọ̀tá ló wà, ọ̀pọ̀ ìgbà gan, ara ẹnìkan ṣoṣo nínú wọn. Àwọn tiẹ̀, kò nílò kó máa wá wọn kiri, ó mọ ibi tí wọ́n máa wà torí wọ́n ti ń sá eré yẹn pa pọ̀ látìgbà tí wọ́n ti ń ṣe practice lóṣù March, April.

Iṣẹ́ ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó sọ bọ́ọ̀lù sí i rárá. Sẹ́kọ́ńdì 40 ló sábà máa ń wà láàárín eré kan sí ìkejì. Láti ọdún 2024, àwọn yunifásítì tó wà ní ìpele òkè pátápátá lè fi rédíò sínú akoto ẹnìkan lórí pápá kí kóòṣì máa bá a sọ̀rọ̀, àmọ́ tó bá ti ku sẹ́kọ́ńdì 15 lórí aago, wọ́n á pa rédíò yẹn, ó di òun nìkan nìyẹn. Ìgbà yẹn ló máa wo ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, bí ọ̀ta ayò ṣe máa ń ka ọmọ ayò ilé ẹnìkejì kó tó gbé tiẹ̀: safety, ìyẹn àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn pátápátá, mélòó ló dúró? Tó bá jẹ́ méjì, àárín pápá ṣí sílẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan láàárín, àárín ti tì, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló kù. Tí kò bá sí ìkankan, wàhálà ń bọ̀, wọ́n fẹ́ rọ́ lù ú nìyẹn, bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ tètè kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Ó tún lè ní kí receiver kan (ẹni tó ń sáré lọ gba bọ́ọ̀lù) rìn kọjá láti apá òsì sí apá ọ̀tún kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ọ̀ṣọ́ lásán nìyẹn, rárá o, ìbéèrè ló ń bi wọ́n. Tí ẹnìkan bá tẹ̀lé receiver yẹn kọjá, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ pé kálukú ló mú èèyàn tiẹ̀, tí kò bá sẹ́ni tó tẹ̀lé e, á jẹ́ pé ilẹ̀ ni wọ́n pín, kálukú ń ṣọ́ àyè tiẹ̀.

Tẹlifíṣọ̀n ló ń bà á jẹ́ fún wa jù. Kámẹ́rà máa ń sún mọ́ ibi tí bọ́ọ̀lù wà, àwọn safety tí gbogbo ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ wọn yìí kì í sábà sí nínú àwòrán rárá kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ti wà lókè lẹ tó máa rí wọn. Tí wọ́n bá wá gbé replay wá, tí wọ́n yà á látòkè, tí wọ́n dá a dúró, tí wọ́n fi àmì róbótó yí ẹni tí wọn ò mú ká, ta ni ò ní rí i níbẹ̀?

Nǹkan míì wà tó jẹ́ ti yunifásítì gan-an. Àwọn ìlà kéékèèké méjì tó wà láàárín pápá, tí wọ́n máa ń gbé bọ́ọ̀lù sí, ẹsẹ̀ bàtà 40 ló wà láàárín wọn ní yunifásítì, ti NFL, líìgì àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, ò ju 18 ààbọ̀ lọ. Ìyẹn ni pé tí bọ́ọ̀lù bá wà lórí ìlà òsì, apá ọ̀tún á fẹ̀ gbuuru, apá òsì á há. Torí ẹ̀, eré pọ̀ tó jẹ́ pé kí wọ́n tó sọ bọ́ọ̀lù sí quarterback ló ti yan apá kan, tó sì ti gbàgbé apá kejì pátápátá. Receiver tẹ́ ẹ wá ń pariwo lé lórí yẹn, kò sí nínú ìwé eré yẹn pé kí wọ́n jù ú sí i, ó kàn ń sáré kó lè fa èèyàn méjì kúrò lọ́nà ni, òun náà mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú eré kan tí wọ́n ń pè ní Smash, kò sí ilé ìwé tí wọn ò ti gbá a. Receiver tó wà níta máa sáré bíi yáàdì márùn-ún mẹ́fà, á dúró gbagidi, á yíjú padà. Èyí tó wà nínú máa sáré kọjá ẹ̀ tó bíi yáàdì mẹ́wàá méjìlá, á wá yà sí igun pápá níta lọ́hùn-ún. Quarterback ò wo èkíní, kò wo èkejì. Cornerback, ẹni tó ń ṣọ́ receiver lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ló ń wò. Tí cornerback bá ń sún sẹ́yìn, bọ́ọ̀lù lọ sọ́dọ̀ ẹni tó dúró. Tó bá dúró ti ẹni yẹn, bọ́ọ̀lù gba orí ẹ̀ kọjá lọ sí igun. Bó ṣe èyí, ó jìyà ẹ̀, bó ṣe tọ̀hún, ó jìyà ẹ̀. Ẹsẹ̀ quarterback gan-an ni aago: tí ìgbésẹ̀ mẹ́ta tàbí márùn-ún bá pé, bọ́ọ̀lù ti ń lọ nìyẹn, nígbà míì receiver ò tíì yíjú padà. Tí kò bá sí níbẹ̀, ó bọ́ sórí ẹnìkejì, ẹnìkẹta, tí kò bá sí, ó jù ú kékeré sí running back (ẹni tó máa ń gbé bọ́ọ̀lù sáré) tó wà nítòsí ó sì gba yáàdì mẹ́rin ẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹni tí wọn ò mú ní sẹ́kọ́ńdì kẹrin, ó lè jẹ́ pé èèyàn méjì ló wà lára ẹ̀ ní sẹ́kọ́ńdì kejì, nígbà tí ojú quarterback dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.

RPO (run-pass option, eré tí quarterback lè yàn bóyá kí running back gbé e sáré tàbí kóun jù ú) tiẹ̀ tún rọrùn láti rí ju ìyẹn lọ. Ó gbé bọ́ọ̀lù sínú ikùn running back, kò tíì jọ̀wọ́ ẹ̀, ó ń wo linebacker kan, ẹni tó ń ṣọ́ níwájú àwọn safety. Tí linebacker bá sáré wá síwájú, quarterback á fà á yọ, á jù ú sí àyè tí linebacker yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Tí linebacker bá dúró, quarterback á fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún running back. Òfin yunifásítì ló jẹ́ kó dùn tó bẹ́ẹ̀, torí wọ́n gba àwọn géńdé iwájú láyè láti lọ tó yáàdì mẹ́ta síwájú kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ quarterback, NFL ò fún wọn ju ẹyọ kan lọ.

Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn safety náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ojú quarterback ni wọ́n ń kà bóun náà ṣe ń kà wọ́n. Ẹ rántí January 8, 2018, Alabama àti Georgia, àṣekágbá, ní Atlanta. Wọ́n wọ àfikún àsìkò. Georgia ti gba mẹ́ta, ó di 23 sí 20, wọ́n wá gbé Tua Tagovailoa, quarterback Alabama, lulẹ̀ fún àdánù yáàdì 16, ọmọ tó ṣì wà lọ́dún àkọ́kọ́ ní yunifásítì tó jẹ́ pé ìdajì kejì ni wọ́n tó mú un wọlé. Ó wá ku yáàdì 26 fún un láti gbà kí wọ́n tó lè ní àǹfààní tuntun láti máa gbá a lọ. Safety méjì ló wà lẹ́yìn. Àwọn receiver rọ́ lọ tààrà, Tua kọjú sí apá ọ̀tún, ó ń wo ibẹ̀ bíi pé ibẹ̀ ló fẹ́ jù ú sí, safety apá òsì ò tètè kúrò láàárín. Ìgbà tó fi máa kúrò, bọ́ọ̀lù ti wà lókè, yáàdì 41, receiver wọn, DeVonta Smith, gbà á lápá òsì, gémù parí, 26 sí 23. Tó bá jẹ́ pé ẹni tí wọn ò mú ló ń wá, òsì yẹn ló máa tẹjú mọ́, safety á sì ti dúró dè é níbẹ̀.

Àwọn kan tún wà tó ń sọ pé ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni quarterback ń ju bọ́ọ̀lù sí, pé kálukú ló ní ààyò tiẹ̀. Ẹ wo Joe Burrow, quarterback LSU (yunifásítì ìpínlẹ̀ Louisiana) lọ́dún 2019, touchdown 60 ló jù, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó dé òpin pápá àwọn ọ̀tá. Lọ́jọ́ 28 oṣù December tí wọ́n na Oklahoma 63 sí 28, mẹ́rin ni receiver wọn, Justin Jefferson, gbà, kí wọ́n tó lọ sinmi ni gbogbo ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ 13 oṣù January 2020 tí wọ́n kojú Clemson, receiver wọn míì, Ja'Marr Chase, ni gbogbo ayé ń pariwo, yáàdì 221, touchdown méjì. Quarterback kan náà ni, kò bá ẹnì kankan jà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn. Clemson ló fi cornerback kan ṣoṣo ti Chase láìsí ìrànlọ́wọ́ lókè, Burrow rí i, ó ń jù ú síbẹ̀. Ìyẹn tẹ́ ẹ ń pè ní ààyò, difẹ́ńsì ló máa ń yàn án fún un.

A ò sì ní gbàgbé ọmọ wa o. Olusegun Oluwatimi, center Michigan lọ́dún 2022, ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ Rimington àti Outland lọ́dún kan náà, kì í ṣe pé ó kàn ń sọ bọ́ọ̀lù sẹ́yìn kó sì máa ti èèyàn. Irú ipò yẹn, òun àti quarterback ló máa ń wo àwọn tó wà níwájú, wọ́n á nawọ́ sí linebacker kan pé òun ni Mike (orúkọ tí wọ́n ń pe linebacker àárín), kí gbogbo géńdé márààrún tó wà ní ìlà lè mọ ẹni tí kálukú máa dènà. Tí wọ́n bá ṣì í, quarterback ò ní ráàyè wo cornerback kankan, ojú ọ̀run ló máa máa wò.

Kíkà yìí máa ń bàjẹ́ ṣá. Safety méjì lè dúró kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí bọ́ọ̀lù kúrò nílẹ̀ báyìí kí ọ̀kan sáré lọ sí àárín, kí èkejì já wá síwájú, gbogbo ohun tí quarterback ti kà tẹ́lẹ̀ ti di òfo nìyẹn. Ibẹ̀ ni eré tẹ́ ẹ rò pé gbogbo ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ ti ń wáyé lóòótọ́. Johnny Manziel, quarterback Texas A&M, November 2012, nílé Alabama: ó kọlu èèyàn ara ẹ̀, bọ́ọ̀lù fò sókè, ó hán an, ó sá lọ sápá òsì, ó rí receiver ẹ̀, Ryan Swope, ní òpin pápá (end zone), ó jù ú sí i. A&M borí, 29 sí 24. Ìyẹn, ó wá èèyàn lóòótọ́, ó sì rí i. Àmọ́ wọ́n máa ń ṣe practice irú ẹ̀ náà o: tí quarterback bá ti sá kúrò láyè ẹ̀, gbogbo receiver á yà sí apá ibi tó ń sá lọ, ẹni tó wà lókè á padà wá sísàlẹ̀, ẹni tó wà nísàlẹ̀ á sáré lọ sókè.